Làálì Kì í Bo Ẹ̀tẹ̀

Ìyàwó tí wọ́n gbé ní agbègbè Ìpàtà tí kì í ṣe Rahama, Ìyá Qasim, ló lé làálì fún un, wọn ò pọ̀. Ìka méjì lọ́wọ́ òsì Rahama kò mọ gbígbóná yàtọ̀ sí tútù. Bí wọ́n bá bi í, a ní epo gbígbóná ló jó òun. Irọ́ ni. Ẹ̀tẹ̀ ló mú un nígbà ọmọge. Oògùn ọsibítù wò ó sàn pátápátá, kò sì lè ran ẹnikẹ́ni mọ́. Ṣùgbọ́n ó mọ irú èèyàn tó ń bá gbé: ọjọ́ tí wọ́n bá gbọ́, ta ni yóò tún na ọwọ́ sí i?

Lọ́jọ́ Àlàmísì tí yìgì Sakinah, ọmọge kan ládùúgbò, ku ọ̀la, Rahama ti parí ọwọ́ ọ̀tún ọmọ náà. Nígbà tó gbé ti òsì, ó rí ibì kan lẹ́yìn ọwọ́ tí àwọ̀ rẹ̀ ṣá, tó sì gbẹ. Ó ní kí Sakinah máa wo fèrèsé, ó wá fi ṣóńṣó igi làálì tẹ ibẹ̀.

"Ṣé o mọ̀ ọ́n lára?"

"Kí ni, Ìyá Qasim?"

Àlájà Salimat, ìyá Sakinah, wọlé bá wọn. "Ibẹ̀ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó dúdú dáadáa. Làpálàpá ni."

"Àlájà, ẹ má fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ kẹ́ ẹ máa pa làpálàpá."

Àlájà rẹ́rìn-ín. "Òwe náà wà lára owó làálì ni?"

"N ò pòwe."

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu Àlájà. "Ìgbà wo ni onílàálì di dókítà? Ẹ lé e bò ó, kẹ́ ẹ máa lọ."

Rahama lè lé e bò ó. Àṣírí tirẹ̀ yóò bò pẹ̀lú, ọwọ́ ọmọ náà ni yóò sì kú. Ó na ìka rẹ̀ méjèèjì síta.

"Epo kọ́ ló jó mi. Ẹ̀tẹ̀ ni. Mo pẹ́ kí n tó lọ sí ọsibítù, òun ni ìka mi fi kú. Ọ̀fẹ́ ni oògùn rẹ̀. Bí Sakinah bá tètè bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ò ní kú."

Àlájà sún sẹ́yìn. "Ọwọ́ yẹn lẹ fi di ọmọ mi mú?"

Sakinah ló dìde. "Mọ́mì, mo fẹ́ bá wọn lọ sí ọsibítù."

Ọsibítù ní ẹ̀tẹ̀ ni lóòótọ́, wọ́n sì fún un lóògùn. Sakinah fúnra rẹ̀ ló sọ fún Salahudeen, àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Ìyẹn lọ bi nọ́ọ̀sì léèrè, nọ́ọ̀sì ní bí Sakinah bá ti ń lo oògùn, kò lè ràn án, wọ́n sì so yìgì. Ọwọ́ kan ṣoṣo ló ní làálì. Àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó rò pé oge tuntun ni.

Sakinah lo oògùn rẹ̀ tán, ọwọ́ rẹ̀ sì pé. Àlájà kò dúpẹ́. Òun ló gbé ọ̀rọ̀ Rahama ká àdúgbò, ó yọ ti ọmọ rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Àwọn ìdílé tó ti bẹ Rahama níṣẹ́ ránṣẹ́ pé kó má wulẹ̀ wá mọ́. Àwọn tó kàwé wà nínú wọn.

Rahama kò kó kúrò. Ní báyìí, kó tó ṣí làálì, a na ìka rẹ̀ síta, a sọ ohun tó ṣe é, a sì dúró. Ẹni tó bá fẹ́ dìde, kó dìde. Ẹni tó bá jókòó, Rahama a yẹ awọ ara rẹ̀ wò dáadáa kó tó bẹ̀rẹ̀.