Irun Tó Jábọ́ Lẹ́yìn Ibà

Ibà náà ti lọ tipẹ́ kí irun mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́. Ìdí nìyẹn tí n kò fi so wọ́n pọ̀.

Àgùnbánirọ̀ ni mí nígbà náà, lẹ́yìn tí ìjọba alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ padà dé. Mo ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ìṣirò, mo sì gba yàrá kan ní Minanata, àdúgbò kan nílẹ̀ Hausa. Ìyá ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó ń ta bàtà rọ́bà ní ọjà Kasuwar Kara ló ń gbé yàrá kejì. Òun ló tọ́jú mi lásìkò ọyẹ́, nígbà tí ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ dá mi wólẹ̀, tí ẹyinjú mi dà bí ọsàn tó ń pọ́n. Ara mi yá, mo padà sẹ́nu iṣẹ́.

Àsìkò ooru ti dé lọ́jọ́ tí mo jókòó síwájú ìyá náà pé kó bá mi dirun. Ó ti òòyà bọ̀ ọ́, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró.

"Ìyá, kí ló dé?"

"Má tíì bojú wẹ̀yìn."

Mo bojú wẹ̀yìn. Irun ẹ̀kúnwọ́ wà lórí ìró rẹ̀, ó fà tu tìdítìdí, kò sì dùn mí rárá. Àìdùn yẹn ló kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí.

"Ta lo ṣẹ̀?" ni ohun tí ó bi mí.

Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rù ti ń bà mí láti fọwọ́ kan orí ara mi. Mo ń rí irun lórí ìrọ̀rí, mo ń rí i nínú bokẹ́ẹ̀tì ìwẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ìyàwó onílé wa, obìnrin Hausa tó máa ń bá mi ṣàwàdà, bá mi lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀ níbi tí n kò ti wé gèlè. Ó ní, "Allah ya ba ki lafiya," kí Ọlọ́run fún mi ní àlàáfíà, ó sì rọra fa ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn. Ẹ̀tẹ̀ ló sọ sí mi lọ́kàn. Ní kíláàsì, mo ń yọ́ fi abẹ́rẹ́ gún ìka ẹsẹ̀ mi lábẹ́ tábìlì, kí n lè mọ̀ bóyá ó ṣì ń dùn mí.

Nígbà tí n kò lè sùn mọ́, ìyá náà sìn mí lọ sí ọsibítù. Dókítà, bàbá Hausa kan tó ti hewú, fa irun mi wò. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì bi mí bóyá àìsàn kan ṣe mí ní bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Mo sọ̀rọ̀ ibà náà.

"Kòkòrò àìfojúrí ló fa ibà náà," ló wí. "Nígbà tí ara rẹ ń bá a jà, irun tó yẹ kó máa dàgbà dáwọ́ dúró. Òun ló ń bọ́ báyìí. Yóò hù padà."

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá.

"Bi í pé ta ló rán kòkòrò náà."

Mo bi í, dókítà kò sì rẹ́rìn-ín. Ó ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ inú omi tí mo mu ló ti wá.

Mo túmọ̀ ìyẹn náà fún ìyá. Ó ní, "Omi kànga kan náà ni gbogbo wa ń mu."

Bí ẹ̀rù ṣe di ti gbogbo ilé nìyẹn. A bẹ̀rẹ̀ sí í se omi kí a tó mu ún, ìyá sì ń yẹ ẹyinjú àwọn ọmọ onílé wò láràárọ̀. Irun mi kò dẹ́kun bíbọ́ lọ́gán. Mo tilẹ̀ rò pé dókítà kàn fi ọ̀rọ̀ tù mí nínú ni. Òjò ti ń rọ̀ kí nǹkan tó kan àtẹ́lẹwọ́ mi bí mo ti ń fọ orí: irun tuntun, kúkúrú, ó rọ̀ bíi ti ọmọ ọwọ́. Mo pe ìyá. Ó wò ó títí kó tó gbà pé irun ni.