Kíwì Nínú Ẹran Iléyá

Ọdún mẹ́ta gbáko ni bàbá mi kò fi fẹnu kan ẹran, èmi nìkan ni mo sì mọ ìdí rẹ̀.

Oníṣòwò obì gbànja ni bàbá mi ní Ṣàgámù. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ ọ́n pẹ̀lú ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ń lọ sókè sódò, nítorí kò sí àpò obì tí wọ́n máa gbé síwájú rẹ̀ tí kò ní bù jẹ níbẹ̀ kó tó dúnàá dúrà. Nígbà tí eyín inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, èmi ló pè, kò pe ìyàwó rẹ̀. Èmi ni mo mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, títí wọ́n fi yọ gbogbo ti ẹ̀yìn tán, lókè àti nísàlẹ̀. Àwọn ti iwájú nìkan ló kù. Tó bá rẹ́rìn-ín, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé nǹkan kan ṣe é. Ọjọ́ tí wọ́n yọ èyí tó gbẹ̀yìn, a ń bọ̀ nínú ọkọ̀, ó fi aṣọ ìnujú di ẹnu mú. Ó mú un kúrò díẹ̀, ó ní:

"Má sọ fún ẹnikẹ́ni. Má sọ fún ìyàwó mi. Pàápàá jù lọ, má sọ fún àbúrò mi."

Àbúrò rẹ̀ yìí ni wọ́n jọ ń ṣòwò. Bàbá mi ju ọkùnrin náà lọ dáadáa, àbúrò yìí sì ti ń sọ ọ́ káàkiri pé ó yẹ kí ẹ̀gbọ́n òun lọ sinmi, kí wọ́n kó kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lé òun lọ́wọ́. Mo ní, "Bàbá, eyín lásán ni." Ó dá mi lóhùn pé, "Ẹni tí kò lè jẹ obì, ta ló máa gbà pé ó ṣì lè rà á?"

Ni irọ́ bá bẹ̀rẹ̀. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé dókítà ní kí òun jáwọ́ nínú ẹran nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó sọ fún àwọn ará ọjà pé obì kì í jẹ́ kí òun sùn mọ́. Wọ́n gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ó ń rù. Lọ́jọ́ Iléyá, tí àwọn ọkùnrin ẹbí bá kóra jọ sí pálọ̀ rẹ̀, ẹran tí wọ́n bá bù fún un, ńṣe ló máa ń pín in fún àwọn tó jókòó tì í, bí ẹni pé ọwọ́ rẹ̀ ló là bẹ́ẹ̀. Ní Iléyá kan, àbúrò rẹ̀ sọ ọ́ lójú gbogbo àlejò pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin àti àgbò tẹ́ ẹ pa kò bára yín ṣọ̀rẹ́ mọ́ o." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bàbá mi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí ọwọ́ rẹ̀ lórí orúnkún, ó di aṣọ mú gírígírí.

Ògèrè ni èmi àti ọkọ mi ń gbé, ní àwọn ilé tuntun tó wà lẹ́yìn títì márosẹ̀. Obìnrin kan ń ta èso nítòsí ibi tí àwọn tírélà máa ń gúnlẹ̀ sí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí kíwì. Èso náà kò ju ẹyin adìẹ lọ, irun wúrúwúrú wà lára rẹ̀ bí ara èkúté. Àwọn ọmọ mi ló ní kí n rà á wò. Nígbà tí mo là á, inú rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀ bí ewé, pẹ̀lú kóro dúdú wẹ́wẹ́. Ó ń dùn, ó ń kan. A jẹ díẹ̀, mo gé ìyókù sínú mílíìkì, mo gbé e sí fíríìjì. Nígbà tó fi máa di àárọ̀, mílíìkì náà ti dì ṣùpọ̀ṣùpọ̀, ó sì korò bí ewúro. Mo dà á nù. Èyí tí mo rà lẹ́yìn ìyẹn, mo sè é pẹ̀lú ṣúgà àti ata ilẹ̀ títí ó fi ki bí oyin, àwọn ọmọ sì fi búrẹ́dì lá a tán kí oòrùn tó wọ̀.

Nígbà tí mo ròyìn mílíìkì yẹn fún obìnrin eléso náà, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bó ṣe máa ń jẹ mílíìkì náà ló ṣe máa ń jẹ ẹran. Kúùkù kan wà tó ń rà á lọ́wọ́ mi fún ẹran líle. Ó ní kéèyàn má jẹ́ kó pẹ́ lára rẹ̀, torí á ti bá ọ jẹ ẹran náà tán kí ìwọ tó gbé e kaná."

Mo dúró síwájú àtẹ rẹ̀, ẹnu bàbá mi ni mò ń rò.

Mo dán an wò nílé láì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ti àkọ́kọ́, mo fi ẹran sínú rẹ̀ mọ́jú, ó sì di ẹ̀kọ. Ti ẹ̀ẹ̀kejì, mo fi í sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú péré, mo fi omi ṣàn án, mo bọ̀ ọ́, mo dín in díẹ̀. Mo dúró síwájú dígí, mo sì fi eyín iwájú nìkan jẹ ẹ́, bí bàbá mi ṣe máa ń jẹun. Ó gbà. Ọkọ mi bá mi níbẹ̀, ó béèrè ohun tó ṣe ẹnu mi. Mo ní kò sí nǹkan kan. Irọ́ bàbá mi ti di irọ́ tèmi náà.

Mo pè é lórí fóònù. "Bàbá, ẹ máa jẹ ẹran ní Iléyá yìí."

Ó ní, "Láàárín gbogbo wọn?"

"Láàárín gbogbo wọn."

"Wọn ò ní mọ̀?"

"Wọn ò ní mọ̀, sà."

Lọ́jọ́ Iléyá, mo kó kíwì mẹ́rin sábẹ́ aṣọ àwọn ọmọ nínú báàgì mi, a sì lọ sí ilé bàbá mi ní àdúgbò Ẹ̀pẹ́, ní Ṣàgámù. Wọ́n ti dé láti Yídì, wọ́n ti pa àgbò, wọ́n ti ń kun ún. Mo bù lára itan, mo gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, mo fi fọ́ọ̀kì tẹ kíwì méjì mọ́ ọn pẹ̀lú alùbọ́sà. Mo dé abọ́ náà, mo tì í sábẹ́ tábìlì ilé ìdáná, mo sì ṣètò fóònù mi kó ké lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Mo jáde lọ pọnmi. Kí n tó padà dé, ìyàwó bàbá mi ti ṣí abọ́.

Lẹ́yìn ikú ìyá mi ni bàbá mi fẹ́ obìnrin yìí. Kò fi bẹ́ẹ̀ jù mí lọ, ṣùgbọ́n Ìyá ni mo ń pè é, a kì í sì í jà.

"Kí ni mo rí nínú abọ́ yìí?"

"Ẹran ni, Ìyá."

"Mo rí ẹran. Ohun tútù tó wà lára rẹ̀ ńkọ́?"

"Èso ni. Kíwì ni wọ́n ń pè é."

"Ta ló fẹ́ jẹ ẹ́?"

Ká ní mo ti sọ pé èmi ni, bóyá ọ̀rọ̀ náà ì bá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò tètè ronú. Mo ní, "Bàbá ni."

Ojú rẹ̀ yí padà. Kò pariwo. Ó gbé abọ́ náà mọ́ àyà. "Bàbá tí dókítà ní kó má jẹ ẹran? Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń se ẹja àti ẹ̀wà fún ọkùnrin yìí nítorí kó má baà ṣubú lulẹ̀ lójijì. Ìwọ wá gba ẹ̀yìn mi wọlé, o se tirẹ̀ lọ́tọ̀, o sì gbé e pamọ́ sábẹ́ tábìlì."

Mo wo fóònù mi, ìṣẹ́jú méjìdínlógún ti lọ. Ó yọ orí lójú fèrèsé, ó sì ní kí wọ́n bá òun pe àbúrò bàbá mi.

Ọkùnrin náà wọlé pẹ̀lú agbádá Iléyá rẹ̀. Ìyàwó bàbá mi ṣàlàyé fún un ní ṣókí. Ó ṣí abọ́, ó gbóòórùn rẹ̀, ó tún dé e padà. Ó ní, "Abọ́ ọ̀tọ̀ fún ẹnì kan ṣoṣo. Nínú ilé yìí." Kò fi kún un. Kò sì nílò láti fi kún un. Májèlé ló ní lọ́kàn.

"Èso ni, sà. Mo ní òmíràn nínú báàgì."

"Jẹ ẹ́ kí n rí i."

Mo bó ọ̀kan lójú wọn, mo sì jẹ ẹ́ tán. Kíwì máa ń yún mi létè, bí ọ̀pẹ òyìnbó ṣe máa ń yún ẹlòmíràn. Mo gbìyànjú láti pa á mọ́ra, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí mo fi ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu léraléra.

"Kí ló ń ṣe ẹnu rẹ?"

"Ó kàn ń yún mi díẹ̀ ni, sà."

"Ohun tó ń yún ọ lẹ́nu lo fẹ́ fi fún bàbá rẹ jẹ."

Ibẹ̀ ni fóònù mi ti ké lọ́wọ́ mi. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ti pé. Mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi omi ṣan ẹran yẹn."

"Kí o lè fọ ohun tó wà lára rẹ̀ kúrò?"

Gbogbo ọ̀rọ̀ tó lè gbà mí ló wà lẹ́nu bàbá mi, mo sì ti ṣèlérí. A dúró bẹ́ẹ̀ pẹ́, wọ́n ń bi mí, mi ò dáhùn, ẹran ń rọ̀ nínú abọ́. Nígbà tó yá, àbúrò bàbá mi ní kí wọ́n lọ pe ẹ̀gbọ́n òun wá.

Bàbá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo abọ́, ó wo àbúrò rẹ̀, ó wò mí. Mi ò gbójú sókè. Wọ́n sọ fún un pé wọ́n bá nǹkan kan nínú ẹran tí mo fẹ́ fún un, pé mi ò lè ṣàlàyé rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ dà á nù." Ó sì yí padà.

Mi ò tíì rò ó rí pé bàbá mi lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi. Mo gbọ́ bàtà rẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ méjì, ẹsẹ̀ mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Nínú pálọ̀, àwọn àlejò ń tàkúrọ̀sọ. Ó tó ìgbà díẹ̀ kó tó padà wá, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ àwa mẹ́rin.

"Ẹ sún mọ́ fèrèsé." Wọ́n sún mọ́ ọn. Ó la ẹnu, ó fi ìka fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ó fa ti òsì. "Ẹ wò ó dáadáa. Kò sí ẹ̀jẹ̀ ríru. Dókítà kò sọ nǹkan kan nípa ẹran. Eyín ló tán. Èmi ni mo ní kó má sọ."

Àbúrò rẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó gbé ojú kúrò, ó sì jókòó sórí àpótí ìjókòó ilé ìdáná. "Nítorí tèmi ni?"

Bàbá mi ń fi aṣọ nu ìka rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ rò pé màá yọ̀ yín ni?"

"Mi ò mọ ohun tí mo rò," ni bàbá mi wí.

Ìyàwó rẹ̀ kò tíì kúrò lójú fèrèsé. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an. "Tí mo bá fẹ́ jẹ ẹran, ìta ni mo máa ń lọ jókòó sí, kó má baà wù yín. Ọdún mẹ́ta." Ó gbé abọ́ náà fún mi, kò wò mí lójú. "Ṣàn án."

Ó ti lé ní wákàtí kan dáadáa. Ẹran náà ń já lọ́wọ́ mi nínú omi. Kò ṣeé dín mọ́, mo dà á sínú ọbẹ̀, ó sì fọ́nká bí òwú. Àbúrò bàbá mi lọ sọ fún àwọn àlejò pé kí wọ́n máa jẹun lọ, pé àwọn ń sọ̀rọ̀ ẹbí, ó sì padà wá. Inú ilé ìdáná ni bàbá mi ti jẹ ìrẹsì àti ẹran rẹ̀ lọ́dún yẹn, lórí àpótí, pẹ̀lú ṣíbí. Ó pẹ́ kó tó jẹ ẹ́ tán. Nígbà tó gbé abọ́ sílẹ̀, ó ní, "Ó ti rọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ẹran ni."

Ìyàwó bàbá mi kò bá mi sọ̀rọ̀ fún nǹkan bí oṣù méjì, àfi ìkíni lásán. Mi ò dá a lẹ́bi. Mo ti gbé irọ́ wọ ilé ìdáná rẹ̀, òun náà sì ti pè mí ní ohun tí kò ṣeé gbàgbé lọ́jọ́ kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fi ẹnu sọ ọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ kan, ó pè mí lórí fóònù. Kò kí mi púpọ̀. Ó ní, "Ìṣẹ́jú mélòó?" Mo sọ fún un. "Ṣé ẹran màlúù náà gbà á?" Mo ní ó gbà á. Ó pa fóònù. Báyìí, ó ti mọ̀ ọ́n ṣe jù mí lọ. Òun ló fi yé mi pé ìlàjì kíwì tó, tí ẹran kò bá pọ̀, kó má baà kan jù.

Ní ti àbúrò bàbá mi, kò gba kọ́kọ́rọ́. Òun ló ń lọ ra obì lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ báyìí, bàbá mi ń jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, ó ń fi èékánná họ obì, ó ń fojú wò ó. Ó sọ fún mi pé kò rí bí ìgbà tí òun ń fi eyín dán an wò, pé nígbà mìíràn òun máa ń ṣì í. Inú rẹ̀ kò dùn sí i.

Mo ti bẹ̀ ẹ́ títí pé ká lọ ṣe eyín àtọwọ́dá. Ó ní òun ń rò ó. Ó ṣì ń rò ó títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.