Bí A Ṣe Fa Kámpà Dé Etí Omi

Mo rántí ìgbà tí mo fi jíìpù mi fa ilé onítáyà gba àárín East Flatbush ní Brooklyn lọ́sàn-án gangan, tí àwọn aládùúgbò ń na ọrùn lójú fèrèsé bí ẹni ń wo ìyàwó tuntun. Ilé náà, tí wọ́n ń pè ní kámpà níbẹ̀, kò ju yàrá kékeré kan lọ: bẹ́ẹ̀dì kan, sítóòfù olójú méjì, àti ilẹ̀kùn kan tó jẹ́ pé okùn la fi ń dè é. Ọwọ́ ọmọ ìjọ wa kan ni mo ti yá a. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wakọ̀, ṣùgbọ́n n kò fi ọkọ̀ fa nǹkan kan rí láyé mi. Lójú tèmi nígbà náà, ẹni tó bá lè wakọ̀ ní Brooklyn, kò sí ohun tí kò lè fà.

Kì í ṣe fàájì là ń bá lọ. Àbúrò ìyàwó mi tó ń gbé ní New London, ìlú kan ní Amẹ́ríkà níbẹ̀ náà, ní òdìkejì omi, ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àkọ́bí rẹ̀. Ìyá wọn ti kú. Ọkọ rẹ̀ jẹ́ ṣọ́jà ojú omi, ó sì wà lórí òkun níbi tí fóònù kì í dé. Ìyàwó mi ni àgbà tó kù tí yóò wẹ ọmọ, tí yóò fi omi gbígbóná tọ́jú ìyá ọmọ, tí yóò sì dúró tì í títí ara rẹ̀ yóò fi le. Yàrá kan ṣoṣo ni àbúrò náà ní, onílé sì ti gbà kí a gbé kámpà sí ẹ̀yìnkùlé. Ọjọ́ náà gan-an ni ọsibítù fẹ́ dá a sílẹ̀. Ó ti pè wá láàárọ̀. Ó ní, "Sister mi, ọmọ yìí ń bà mí lẹ́rù o. Tí mo bá gbé e báyìí, ó ń ṣe mí bíi pé ọrùn ẹ̀ máa ṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kílẹ̀ ṣú kẹ́ ẹ tó dé." Ìyàwó mi fèsì pé a ti wà lọ́nà, bẹ́ẹ̀ ẹrù la ṣì ń dì.

Ẹ̀gbọ́n ló la ọ̀nà fún wa. Kì í ṣe ọmọ ìyá mi o. Ará Ìbàdàn ni, takisí ló ń wà, òun ló sì gbà mí sílé nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Amẹ́ríkà tí n kò mọ ẹnì kankan. Ó ní wọ́n ti gbẹ́ gbogbo ọ̀nà Bronx àti afárá rẹ̀ kalẹ̀, pé tí a bá gba ibẹ̀, inú ọkọ̀ la ó sùn. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà: kí a gba Long Island lọ sí Orient Point, kí ọkọ̀ ojú omi gbé wa sọdá. Àyè fún ọkọ̀ tó ń fa ilé ṣọ̀wọ́n lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Tìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà nìkan la rí, bí a bá sì pàdánù rẹ̀, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo ní fóònù yóò júwe ọ̀nà fún wa. Ẹ̀gbọ́n mirí.

"Fóònù ò mọ ibi tí wọ́n gbẹ́ láàárọ̀ yìí, àbúrò. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Ẹ tẹ̀lé mi."

Ká má parọ́, kò sẹ́ni tó mọ bá a ti ń sá fún iṣẹ́ ojú ọ̀nà bí Ẹ̀gbọ́n. Kí n tó rí kóònù aláwọ̀ ọsàn kan, ó ti yà. Àmọ́ ojú takisí ló fi ń wo ọ̀nà. Ó kó wa wọ àdúgbò tóóró kan tí wọ́n ti gbẹ́ kòtò páìpù sí ìparí rẹ̀. Ọkọ̀ tirẹ̀ fún ara rẹ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò, tiwa kò lè kọjá. Mo ní kí n fi rífáàsì jáde. Mo yí ọwọ́ sọ́tùn-ún, kámpà lọ sósì. Mo yí i sósì, ó kọjú sí ọgbà ìyá àgbà kan, ará Jàmáíkà, tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ìyá náà wò mí tàánútàánú. Ó ní, "Ọmọ mi, tú u kúrò lára mọ́tò, kẹ́ ẹ fọwọ́ yí i." Ó pe àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ àti ọkùnrin méjì láti òdìkejì títì, wọ́n fọwọ́ yí kámpà padà bí ẹni yí ìjókòó. Èmi ọ̀gá awakọ̀ dúró, mo ń dúpẹ́, òógùn bò mí. Ìyàwó mi kò rẹ́rìn-ín. Aago ló ń wò.

A so kámpà padà mọ́ jíìpù, a tún bá Ẹ̀gbọ́n níwájú, a sì tẹ̀lé e dé ọ̀nà Conduit. Níbẹ̀ ni tiráfíkétọ̀ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú sọ́tùn-ún: Belt Parkway ló fẹ́ wọ̀. Ohun kan ṣoṣo tí ẹni tó yá mi ní kámpà tẹnu mọ́ ni pé, "Trailer bíi kámpà yìí ò gbọdọ̀ wọ parkway o. Afárá ibẹ̀ rẹlẹ̀, á ṣí òrùlé ẹ̀ kúrò." Mo pe Ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n kì í gbé fóònù bó bá ń wakọ̀. Kí n fun fèrè mọ́ ọn ńkọ́? Ẹni tó fún mi ní ibi tí mo kọ́kọ́ sùn sí nílùú yìí? Mo kàn tan iná sí i lẹ́ẹ̀mejì. Ó rò pé mo ń dúpẹ́ ni, ó na ọwọ́ jáde, ó jù ú sí mi.

Ìyàwó mi ní, "Ẹ máa lọ tààrà."

"Ẹ̀gbọ́n ńkọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n kọ́ ló bímọ. Àbúrò mi ló bímọ."

Mo lọ tààrà. Mo rí ọkọ̀ Ẹ̀gbọ́n tó yí sọ́tùn-ún, tó sì pòórá lójú mi. Ojú tì mí, ó sì dùn mí wọra. A gba ọ̀nà Van Wyck, a sì bọ́ sí ọ̀nà gbọọrọ tó lọ sí ìlà-oòrùn. Nígbà tí a dé etí omi, mọ́tò tó kẹ́yìn ti ń wọ inú ọkọ̀ ojú omi, òṣìṣẹ́ kan sì ń juwọ́ sí wa pé ká yára. Ọkọ̀ ojú omi ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní èbúté ni fóònù mi dún. Ẹ̀gbọ́n ni. Mo dìde dúró kí n tó gbé e.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ sà, mo dọ̀bálẹ̀..."

"Ṣé ẹ ti wọkọ̀?"

"A ti wọ̀ ọ́ sà."

Mo gbọ́ bó ṣe mí kanlẹ̀. Ó ní, "Mo ti yà tán kí n tó rántí pé ilé lò ń fà. Mi ò sì lè padà mọ́. Mo ń wò yín nínú dígí, mo ń sọ pé, Ọlọ́run, jẹ́ kọ́mọ yìí ṣàìgbọràn sí mi lónìí." Ó bú sẹ́rìn-ín, èmi náà sì bá a rín in títí omi fi dà lójú mi.

Ilẹ̀ ń ṣú bọ̀ nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ ìyá ọmọ. Ìyàwó mi kò tilẹ̀ jókòó. Ó fọwọ́ wo omi, ó tẹ́ ọmọ sórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wẹ̀ ẹ́, ó nà án lápá nà án lẹ́sẹ̀, ó sì gbé e fún ìyá rẹ̀ ní dídán bí ẹyin. Àbúrò rẹ̀ sunkún díẹ̀, ó sì sùn, oorun ẹni tó ti rí alábàárò.

Ẹ̀gbọ́n ti padà sí Ìbàdàn báyìí, ọmọ ọjọ́ náà sì ti ń bá mi jiyàn lórí fóònù. Èmi ni àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Amẹ́ríkà ń tẹ̀ lé. Àwọn àgbà ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Mo ti ń sọ ọ́ tipẹ́, àmọ́ apá ti àgbà nìkan ni mo máa ń fẹ́ gbọ́. Nísinsìnyí, bí ọ̀kan nínú wọn bá yà kúrò ní ọ̀nà tí mo là fún un, inú mi a kọ́kọ́ ru. Lẹ́yìn náà, màá pè é, màá sì bi í bóyá ó ti débi tó ń lọ.