Ewé Irú Méjì Tí Mo Gbé Lọ sí Oǹdó

Irú ni mo ń wé sínú ewé láàárọ̀ ọjọ́ tí mo lọ sí Oǹdó. Mo wé méjì: ọ̀kan ti dé ojú ẹ̀, ìkejì ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná ni, kò tíì ní òórùn irú rárá. Mi ò sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni nílé.

Kókó kan ló hù lábẹ́ ọpọlọ mi, ó ń tẹ iṣan tí ojú fi ń ríran. Iwájú mi mọ́ kedere, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ti ń ṣókùnkùn. Dókítà ní Àkúrẹ́ ní ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà yọ ọ́: kí wọ́n gba ihò imú wọlé, tàbí kí wọ́n ṣí agbárí. Ó ní ti imú ló yẹ mí jù, ṣùgbọ́n mo lè má gbọ́ òórùn fúngbà díẹ̀, àti pé ti àwọn kan kì í padà mọ́. Imú sì ni mo fi ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń sọ fún mi ìgbà tí irú tó kó. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti lè jókòó sójú kan.

Mo kọ́kọ́ lọ bá bàbá kan ní Ọdà tí dókítà ṣí agbárí wọn. Wọ́n gbọ́ òórùn irú lára mi kí n tó kí wọn. Ṣùgbọ́n ojú wọn òsì kò ríran mọ́.

"Kókó tèmi tóbi ju tìẹ lọ," wọ́n ní. "Má fi tèmi wọn tìẹ."

Ìyá tí mo lọ bá ní Oǹdó, imú ni dókítà gbà yọ tiwọn. Ẹ̀gbẹ́ ojú wọn ti ṣókùnkùn rí bíi tèmi. Wọ́n gbé ewé irú méjèèjì sí imú lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Èwo lẹ máa kọ́kọ́ sè, Mà?"

"Èyí tó bá wù mí. Méjèèjì ló ń ta sánsán."

Mo dúpẹ́. Àtilọ ló kù tí mò ń wá.

Wọ́n sìn mí dé etí títì. Mo wo iwájú, mo gbẹ́sẹ̀. Wọ́n fa ìró mi sẹ́yìn, ọ̀kadà kan sì fò kọjá lápá ọ̀tún mi. Wọn ò tíì tú ìró náà sílẹ̀ tí wọ́n fi sọ̀rọ̀.

"O rò pé mi ò mọ̀ pé o ń dán mi wò ni? Òórùn ò tíì padà. Àmọ́ ọ̀kadà yẹn, láti ìsọ̀ alágbẹ̀dẹ lọ́hùn-ún ni mo ti ń wò ó bọ̀ láìyíjú."