Nígbà tí Rédíò Ń Bá Mi Wí

Àwo ni mo ń fọ̀ lẹ́yìnkùlé wa ní Ọ̀fà, láàárọ̀ ọjọ́ ọyẹ́ kan, nígbà tí ọkùnrin tó ń ka ìròyìn nínú rédíò dánu dúró, tó sì ní, "Ìwọ Tíṣà yìí, ọmọ yẹn ò ní dàgbà lọ́wọ́ ẹ." Kò tiẹ̀ bọ̀wọ̀ fún mi. Fúnmi, ọmọ mi kan ṣoṣo, ń sùn lẹ́yìn mi. Mo wo ọkọ mi tó ń gbọ́ ìròyìn kan náà. Ó ń mu ẹ̀kọ rẹ̀ lọ ní tirẹ̀.

Láti ìgbà náà ni oorun ti dá lójú mi. Oúnjẹ ò lọ lọ́fun. Ohùn náà ń bú mi nínú orin, àní nínú ìpolówó ọṣẹ. Ọkọ mi, akọ̀wé ní ibùdókọ̀ ojú irin, yọ bátìrì rédíò, síbẹ̀ ohùn náà ò dákẹ́. Ọjọ́ tí mo fẹ́ gbé Fúnmi sá wọ ọkọ̀ ojú irin, láìmọ ibi tí mò ń lọ, ni ìyá ọkọ mi gba ọmọ lọ́wọ́ mi, ó gbé e lọ sílé rẹ̀ ní Ìjàgbò. Mo sunkún títí ojú mi fi wú.

Ní ilé ìwòsàn tí ọkọ mi mú mi lọ, gbogbo wa tí a ń dúró de dókítà ló dorí kodò kí ẹni mímọ̀ má baà rí wa. Tẹlifíṣọ̀n kan ń sọ̀rọ̀. Mo kẹ̀yìn sí i kó má baà dá mi mọ̀. Dókítà ní àìsàn ọpọlọ ni: ọpọlọ ló ń dá ohùn náà sílẹ̀ fúnra rẹ̀, tó sì ń dún bí ohùn èèyàn gidi. Kì í ṣe èpè. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fún mi mú kí ahọ́n mi wúwo, ọrùn mi sì wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó dùn mí gan-an, kí wọ́n tó fi oògùn mìíràn tú u.

Ohùn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rẹlẹ̀ nígbà tí ọkọ mi, kí inú mi lè dùn, fi orúkọ mi ránṣẹ́ sí ètò ìkíni orí rédíò, bí a ti máa ń ṣe fún ẹni tó bímọ tàbí tó kọ́lé. Mo jókòó ní wọ́ọ̀dù tí wọ́n dá mi dúró sí, mo gbọ́ ọ ketekete látinú rédíò ibẹ̀: "Ìyá Fúnmi ní Ọ̀fà, ara á yá o, gbogbo ilé ń kí yín!" Mo figbe ta, mo kó sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ṣebí mo ti sọ pé rédíò mọ̀ mí!

Nọ́ọ̀sì kúnlẹ̀ tì mí. "Ẹ fọkàn balẹ̀, Tíṣà. Èyí, èmi náà gbọ́ ọ."

"Ẹ gbọ́ ọ lóòótọ́?"

"Mo gbọ́ ọ. Ẹ máa bi wá léèrè. Èyí tí ẹlòmíràn ò bá gbọ́, àìsàn yẹn ni."

Inú bí mi sí ọkọ mi fún ìgbà pípẹ́. Ìfẹ́ ló fi ṣe é, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi padà síbi tí mo ti ń bọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, gbogbo ẹni tó bá wà nítòsí ni mò ń bi pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ gbọ́ yẹn?" Àwọn kan fi mí rẹ́rìn-ín. Ìwọ tí irú èyí ń ṣe, bi wọ́n, kí wọ́n máa rín in.

Mo ṣì ń gba abẹ́rẹ́. Mo sanra, ọwọ́ mi sì ń gbọ̀n tí mo bá ń kọ̀wé sójú pátákó, ṣùgbọ́n mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ara yìí tó gbé mi dé ìhín. Ìyá ọkọ mi ò tètè dá ọmọ padà. Ẹ̀rù mi ń bà á, mi ò dá a lẹ́bi, ó kàn dùn mí ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mò ń bẹ iṣu nínú ilé, mo gbọ́ ohùn Fúnmi láti ìta: "Mọ́mì!" Ọkọ mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mi ò bi í bóyá ó gbọ́ ọ. Mo sáré jáde.