Pupa Wo?

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí mo ṣe gọ̀ tó, kó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi nílé ẹ̀kọ́ àwọn àgbà. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì, nítorí náà èmi fúnra mi ni màá sọ ọ́.

Iṣẹ́ akunlé ni mò ń ṣe, ọdún kọkàndínlọ́gbọ̀n rèé. Pupa Wo làwọn èèyàn ń pè mí. Lọ́dún tí mo kúrò lábẹ́ ọ̀gá mi, obìnrin télọ̀ kan ní kí n kun ṣọ́ọ̀bù òun ní pupa. Mo kùn ún, ó pupa fòò bí ẹ̀jẹ̀. Nígbà tó dé, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ní pupa inú ẹyin lòun ń wí. Ẹ̀bi ta ni? Èdè wa pe ẹ̀jẹ̀ ní pupa, ó pe inú ẹyin ní pupa, ó tún pe ọmọ tí ara rẹ̀ mọ́ díẹ̀ ju ti àbúrò rẹ̀ lọ ní pupa. Láti ọjọ́ náà, kò sí oníbàárà tó máa dárúkọ pupa tí mi ò ní bi pé, "Pupa wo?" Wọ́n ní orúkọ a máa ro ọmọ. Ẹ dúró ná.

Lọ́dún tó kọjá, orúnkún mi kọ àkàbà. Ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kan ń wá ẹni tó máa kọ́ àwọn èèyàn ní ọ̀dà kíkùn, wọ́n sì fẹ́ mi, àmọ́ wọ́n ní kí n kọ́kọ́ mú ìwé ẹ̀rí ilé ìwé girama wá. Bí mi ò bá rí i, orí àkàbà náà ni màá wà títí màá fi já bọ́. Ẹ̀rù ìjábọ́ yẹn bà mí gan-an, mi ò ní purọ́. Bí mo ṣe di ọmọ ilé ìwé lẹ́ni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta nìyẹn.

Mo yege nínú gbogbo ẹ̀kọ́ yòókù, ó wá ku ìwé ìtàn. Tíṣà wa, tí kò dàgbà ju àbíkẹ́yìn mi lọ, gbé ìwé ìtàn àtijọ́ kan láti Amẹ́ríkà wá. Ó ní kí kálukú wá síwájú, kó sọ ohun tí àwọ̀ túmọ̀ sí nínú rẹ̀, ní èdè tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Mo rẹ́rìn-ín. Àwọ̀? Lọ́wọ́ èmi? Aláǹgbá tó já láti orí ìrókò ní bí ẹnikẹ́ni ò bá yin òun, òun á yin ara òun. Mo sọ fún bàbá onígbàjámọ̀ tó jókòó tì mí pé bí tiẹ̀ bá le jù, kó wá bá mi.

Gẹ̀ẹ́sì mi ò kọjá ohun tí wọ́n kọ sára garawa ọ̀dà. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi, òun ló mọ̀wé. Láàárọ̀ Sátidé, á máa kà á, á máa túmọ̀ rẹ̀ fún mi, èmi á dijú lórí àga, màá máa dáhùn pé "hùn-ún." Ọkùnrin kan ni, tí ìyàwó rẹ̀ bínú lọ sí ìlú òkèèrè. Lọ́dọọdún, ọkùnrin yìí á tún ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ kùn. "Ó tún kùn ún ní pupa," ìyàwó mi á kà á. Ọdún kẹta, pupa. Ọdún keje, pupa. Nígbà tí obìnrin náà padà dé, tó fọwọ́ kan ilẹ̀kùn, ìwé parí. Àánú rẹ̀ ṣe mí.

Nígbà tó kàn mí, mo dúró níwájú kíláàsì. "Ọkùnrin yìí ń fi ilẹ̀kùn pupa yìí sọ̀rọ̀ fún ìyàwó ẹ̀," mo ní. Tíṣà ń mi orí, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. "Ohun tó ń sọ ni pé, ọjọ́ tí mo bá rí ọ, ẹ̀jẹ̀ ẹ ni màá fi kùn ún."

Bíírò Tíṣà dúró. "Bàbá, pupa wo lẹ ń wí?"

Bàbá onígbàjámọ̀ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín.

Tíṣà ní, "Pupa inú ẹyin ni, bàbá. Kò sí ẹ̀jẹ̀ kankan nínú ìwé yẹn. Ẹ padà wá ní Ọjọ́bọ̀. Tó bá tún wọ́, ó di ọdún tó ń bọ̀."

Orúnkún mi gbọ́ ọ kí n tó gbọ́ ọ.

Mo délé tìjàtìjà. Ìyàwó mi ń ká aṣọ ní pálọ̀. "Kí ló dé tí o ò sọ fún mi pé pupa inú ẹyin ni?"

"Ṣé ẹ bi mí ni?"

"Ta ni kì í béèrè? Gbogbo ìlú ló ń pè mí ní Pupa Wo."

"Gbogbo ìlú náà lẹ máa ń bi." Ó nawọ́ sí ògiri. "Nígbà tá a kó wọ ilé yìí, mo ní kẹ́ ẹ kun pálọ̀ ní pupa. Ẹ rántí?"

Mo rántí. Bí ẹ̀jẹ̀ ni mo ṣe kùn ún, mo sì ti tún un kùn bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. "Pupa wo lo fẹ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Inú ẹyin. Ọdún kẹrìndínlọ́gbọ̀n rèé, mo rò pé ẹ ò ní béèrè mọ́."

"Kí ló dé tí o ò sọ̀rọ̀?"

"Ẹ ti kùn ún tán kí n tó ti ibi iṣẹ́ dé. Ẹ dúró síbẹ̀, ẹ ń rẹ́rìn-ín. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́?"

Ojú tì mí, inú mi sì bàjẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́ kó tún ìwé náà kà fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, mo lajú.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo ní, "Ní ojú ìwé kẹrin, kí wọ́n tó jà rárá, ọkùnrin náà bi ìyàwó ẹ̀ ní àwọ̀ tó fẹ́ fún ilẹ̀kùn. Mo ti sùn lọ níbẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́."

"Kí wá ni àwọ̀ náà túmọ̀ sí, bàbá?"

"Ó túmọ̀ sí pé ó bi í."

Tíṣà kọ ọ́ sílẹ̀. Mo yege, àmọ́ díẹ̀ ló kù kí n má yege.

Ní Sátidé, mo kó àga kúrò ní pálọ̀, mo ṣí garawa ọ̀dà tuntun, pupa inú ẹyin gidi. Mo ti ki búrọ́ọ̀ṣì bọ̀ ọ́ nígbà tí ìyàwó mi wọlé. Ó wo garawa, ó wò mí.

"Ta ló sọ fún yín pé òun náà ni mo ṣì fẹ́?"

Mo gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, mo jókòó, mo sì bi í. Ó ní àwọ̀ ewé lòun fẹ́ báyìí.

"Ewé wo?" mo ní.