Ajádìí Agbọ̀n

Bí Damaris bá fẹ́ wọ ilé wọn ní Onígbòǹgbò, ó ní láti tẹrí ba. Kì í ṣe ìwà ìrẹ̀lẹ̀, ẹnu ọ̀nà ni kò gbà á. Felix, bàbá rẹ̀, ọmọ Èkìtì tó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ po ọ̀dà ní ilé iṣẹ́ kan ní Oregun, ga níwọ̀nba. Rachael, ìyá rẹ̀, kò ga rárá. Ibi tí ọmọ ti rí gíga tirẹ̀, Ọlọ́run ló mọ̀. Àwọn ọmọdé àdúgbò sọ ọ́ ní Òpó Iná. Àwọn àgbà tí ojú ń tì láti pe ọmọ ọlọ́mọ bẹ́ẹ̀ á kàn bi í bóyá òjò ti bẹ̀rẹ̀ lókè lọ́hùn-ún.

Àmọ́ kó tó ga rárá ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Télọ̀ tó ń rán sùtánà ni ìyá rẹ̀, ìjọ Aládùúrà ni wọ́n sì ń lọ. Lọ́jọ́ ìsinmi kan, nígbà tí Damaris kò tíì bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé, ẹ̀mí gbé Wòlíì Olúgbénró. Ó rìn títí, ó dúró níwájú ọmọ náà, ó nàka sókè orí rẹ̀.

“Mo rí agbọ̀n kan lókè orí ọmọ yìí,” ni ó wí. “Agbọ̀n náà kò nídìí.”

Ohun tó sọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò ní ó dára, kò ní kò dára, ó kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Kí ìyá tó ráyè bi í léèrè ìtumọ̀, ìjọ ti gbé wòlíì lọ sí ẹ̀ka ọ̀nà jíjìn, ibẹ̀ ló sì kú sí. Ṣé ìtumọ̀ tún kù ni? Onígbàgbọ́ wo ni kò tíì ṣe àmín sí àdúrà pé kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí a kó èrè sínú àpò ajádìí? Bí àpò ajádìí bá burú, ajádìí agbọ̀n tó tóbi ju àpò lọ ńkọ́? Láti ọjọ́ náà, àdúrà kan ṣoṣo ni Rachael ń gbà lé ọmọ rẹ̀ lórí. Àwọn ìyá yòókù ń bẹ Ọlọ́run kí ọmọ wọn di dókítà, kó di lọ́yà, ti Damaris ni pé, “Olúwa, dí ìdí agbọ̀n ọmọ mi.” Tí wọ́n bá fẹ́ jẹun, bẹ́ẹ̀ ni. Tí wọ́n bá fẹ́ sùn, bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ náà á ṣe àmín, á wòkè, kò ní rí nǹkan kan.

Nígbà tó wọ ilé ìwé girama ní Agége ló tó rí i. Olùkọ́ eré ìdárayá wọn, Kóòṣì Kàsúmù, rí ọmọbìnrin tó ń bẹ̀rẹ̀ wọ kíláàsì, ó sì pè é wá sí ẹ̀yìn ilé ìwé. Irin róbótó kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kàn mọ́ pákó lókè, àwọ̀n kan tó ti ya ń mì lára rẹ̀. Ó ní kó ju bọ́ọ̀lù sí i. Damaris jù ú, bọ́ọ̀lù gba àárín irin kọjá, ó jábọ́ sílẹ̀. Ó bi kóòṣì pé kí ni wọ́n ń pe nǹkan yìí. Kóòṣì ní básíkẹ́ẹ̀tì ni, ìyẹn agbọ̀n.

Ayọ̀ kò jẹ́ kó jókòó dáadáa nínú ọkọ̀ títí tó fi délé. Ó bá ìyá rẹ̀ nídìí aṣọ, ó ní òun ti rí agbọ̀n wòlíì. Òkè orí ló wà, kò nídìí, bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń jù sí i, òun sì mọ̀ ọ́n jù ju àwọn ọkùnrin lọ. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ká ní ó wo ojú ìyá rẹ̀ ni, ì bá ti dákẹ́. Obìnrin tó ti ń fi ààwẹ̀ lé agbọ̀n yìí sẹ́yìn láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ọmọ rẹ̀ wá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá a lọ sí Agége. Rachael gbé àlùmọ́gàjí sílẹ̀.

“Tí bàbá ẹ bá ní kó o máa ṣe é, máa ṣe é,” ló wí. “Ṣùgbọ́n ojú tèmi ò ní rí agbọ̀n yẹn láéláé.”

Felix ní kó máa ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ni Damaris ṣe di ẹni tó ń fi bọ́ọ̀lù jẹun. Ó gbá a fún ilé ìwé, ó gbá a fún Èkó, ó wọ kílọ́ọ̀bù àwọn obìnrin kan ní Ìkẹjà, ó lọ gbá a ní Kìgálì, nílẹ̀ òkèèrè. Òpó tí wọ́n fi ń bú u tẹ́lẹ̀ di oríkì: bó bá ti wọ pápá, ariwo “Òpó” ló máa ń gba gbogbo ibẹ̀ kan. Felix kì í pa ìdíje kan jẹ. Á bọ́ aṣọ iṣẹ́ tó ti kún fún ọ̀dà, á lọ jókòó síwájú. Rachael náà kò pa ọmọ rẹ̀ tì. Á se ẹyin fún un kó tó lọ, á rán jẹ́sì tó bá ya. Wíwá ni kì í wá.

Ká sì sọ òótọ́, ayé bá ìyá gbè lórí ọ̀rọ̀ náà. Kílọ́ọ̀bù Ìkẹjà gba ife-ẹ̀yẹ, kò pẹ́ sígbà náà ni wọ́n tú ká. Ní Kìgálì, orúnkún ọ̀tún rẹ̀ yẹ̀ láàárín sáà, wọ́n dá a padà sílé. Ọkùnrin tó fẹ́ fi í ṣaya ní kó yan òun tàbí bọ́ọ̀lù. Damaris rò ó pẹ́ ju bí ọkùnrin náà ṣe lè dúró lọ. Bàbá rẹ̀ kú, àga iwájú ṣófo. Ìyá rẹ̀ kì í sì í sọ pé ṣé mo wí fún ọ. Àdúrà ìdí agbọ̀n náà ni yóò tún gbà, tòun ti omijé. Ìyẹn ló ń dun Damaris ju èébú lọ. Nígbà mìíràn tó bá dá wà, á máa bi ara rẹ̀ pé àbí òótọ́ ni, àbí gbogbo ohun tí òun ti ń jù sókè láti kékeré, ilẹ̀ náà ló ń bọ́ sí.

Lọ́dún yìí, dókítà wo orúnkún náà, ó ní tí sáà yìí bá ti parí, kó dágbére fún bọ́ọ̀lù. Ìdíje kan ṣoṣo ló kù fún ẹgbẹ́ tuntun tó ń bá gbá a, ní gbọ̀ngàn kan lẹ́bàá Opebi. Damaris kò wá ife-ẹ̀yẹ mọ́. Ohun tó ń fẹ́ kò ju pé kí ìyá òun fojú rí òun nínú pápá lẹ́ẹ̀kan, kí gbogbo rẹ̀ tó di ìtàn.

Ó lọ bá a nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ọmọ tó bá fẹ́ bẹ ìyá rẹ̀, orí ìkúnlẹ̀ la ti ń bẹ̀ ẹ́. Damaris fẹ́ kúnlẹ̀, orúnkún ọ̀tún kò tẹ̀. Ó tún gbìyànjú, ó kọ̀. Ó wá wà ní agbedeméjì, kò nàró, kò kúnlẹ̀, ó di ẹ̀rọ mú, òógùn bò ó. Rachael gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. Kò tíì sí ohun tó já a láyà tó bẹ́ẹ̀ rí, kí ọmọ òun máà lè kúnlẹ̀ kí òun mọ́.

“Dìde,” ló wí. “Mo ti gbọ́.”

Kò sọ pé òun á wá, kò sọ pé òun ò ní wá. Lọ́jọ́ ìdíje, ìlàjì kejì ti bẹ̀rẹ̀ kí Damaris, tó wà lórí bẹ́ǹṣì, tó rí aṣọ funfun lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá rẹ̀ ni, nínú sùtánà, láìwọ bàtà, ìgò omi àdúrà lọ́wọ́. Ẹ̀ṣọ́ ń bi í pé bàtà rẹ̀ dà, òun náà sì ń ṣàlàyé pé ta ló ń wọ bàtà sí sùtánà. Ó sú ẹ̀ṣọ́, ó jẹ́ kó kọjá. Rachael jókòó síwájú, ó dijú, ó ń gbàdúrà sẹ́nu.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí eré parí, kóòṣì ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí Damaris wọlé. Gbọ̀ngàn hó yèè, Òpó, Òpó, ariwo náà sì mú kí Rachael la ojú. Wọ́n fi bọ́ọ̀lù lé Damaris lọ́wọ́, ó fi ẹsẹ̀ òsì fò, ó jù ú. Bọ́ọ̀lù wọ inú agbọ̀n, ó gba ìdí rẹ̀ jáde, ọmọbìnrin kan láti ìhà kejì gbé e, ó ń sáré lọ. Rachael ti nàró, ojú rẹ̀ ń tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù náà lọ, ó ń tẹ̀ lé e bọ̀. Kò jókòó mọ́ títí wọ́n fi fun fèrè. Ẹgbẹ́ Damaris ni wọ́n nà, Damaris fúnra rẹ̀ kò tilẹ̀ bìkítà.

Èrò ń tú ká nígbà tí Rachael wọ pápá, ó lọ dúró sábẹ́ agbọ̀n gan-an, ó ń wò ó láti ìdí rẹ̀. Damaris tiro lọ bá a.

“Tí wọ́n bá dí ìdí ẹ̀ ńkọ́?” ìyá bi í.

Damaris rò ó wò. “Bọ́ọ̀lù á há síbẹ̀ ni, màámi. Ẹnikẹ́ni ò ní rí i gbá mọ́. Eré parí nìyẹn.”

Rachael kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ pákó pápá náà. Ó ṣí ìgò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í da omi àdúrà sí orúnkún ọmọ rẹ̀. Ẹ̀rù ba Damaris. Ó ní kí ìyá òun jọ̀ọ́, kó dìde, àwọn èèyàn ń wò. Ìyá ní kí wọ́n máa wò, òun ti kúnlẹ̀ nítorí rẹ̀ rí, lọ́jọ́ tí òun bí i. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra omi náà sí orúnkún, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun.

“Ojoojúmọ́ ayé ni mo ń bẹ Ọlọ́run pé kó dí i,” ló wí. “Ọpẹ́ ni fún Un tí kò gbọ́.”